Ẹlẹ́ńgà àti Kárìà Bàbá Muslimat

Mọ́ńdè, 12 oṣù karùn-ún, 2025

Ẹ̀yin ojú ewé wọ̀nyí, ẹ gbọ́ mi. Ẹ má ká, ẹ má ṣí fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí atẹ́gùn gbé yín lọ kí n tó sọ tán. Ẹnu mi kún. Àwọn tó yẹ kí n sọ ọ́ fún wà níta níbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwọn gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi náà ni. Èmi tí mi ò wọ ilé-ìwé rí, tí mo ta adìẹ ní Ọjà'ba ju ogójì ọdún lọ. Nígbà tí Bàbá Muslimat, ọkọ mi, jáde láyé, tí mo jókòó ìddà — oṣù mẹ́rin ọjọ́ mẹ́wàá, ẹsẹ̀ mi ò kan ìta — Mutmainnah ọmọ ọmọ mi ló ki báírò bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ má jókòó lásán." Kí n tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, mo ti ń kọ orúkọ ara mi. Ó di ọdún karùn-ún. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọmọ yẹn náà ló dá rúgúdù sílẹ̀ báyìí. Mutmainnah ń ṣe mọ́tò. Kì í ṣe pé ó ń tún mọ́tò ṣe o. Ó ń ṣe é ni, látilẹ̀. Ọdún kan àbọ̀ ló ti ń kó páìpù jọ sábẹ́ àgọ́ páànù tó wà lẹ́yìn ilé. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ti máṣíìnì ni, alùpùpù: ọ̀kan nínú àwọn máṣíìnì ńlá tó ń pariwo yẹn, ó ṣubú, ẹni tó ni ín ní òun ò gùn mọ́ láéláé. Mọ́tò náà ò lórùlé. Kò nílẹ̀kùn. Kò ní gíláàsì. Ìjókòó kan ṣoṣo. Kì í ṣe èyí téèyàn ń gbé lọ síbi ìkómọ. Orí pápá ìsáré nìkan ni wọ́n ti ń lò ó, kí ó máa sáré yí po, kí wọ́n máa wo aago.

Egungun lásán, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ojú méjèèjì yọ síta. Ẹlẹ́ńgà ni mo ń pè é. Mi ò tíì sọ fún un.

Lónìí ni Àlhájì là á mọ́lẹ̀. Àlhájì Ishaq, àbúrò ọkọ mi, òun ni baálé wa báyìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé yìí, ó ń fa ikun imú, ìbàdí ẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó dé, ọkọ mi ni, mi ò lè pe orúkọ ẹ̀. Bàbá Bọ́ḿpà ni mo sọ ọ́. Inú ìwé nìkan ni mo ti lè pè é ní Ishaq. Ìwé ò ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni.

Ó ní Iléyá ń bọ̀, níbo làwọn àgbò máa sùn? Ó ní òun gbọ́ pé Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí ni wọ́n ń sáré lórí pápá kan lọ́nà Ìsẹ́yìn. Ó dáa. Bí nǹkan yẹn bá yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tì í, àgọ́ di ti Mutmainnah. Bí wọ́n bá tì í pẹ́nrẹ́n, àgbò á wọ àgọ́, Mutmainnah á palẹ̀ sípánà ẹ̀ mọ́, á lọ bá Muslimat àǹtí ẹ̀ ta aṣọ ní Òjé.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Mo gbọ́, bàbá." Ojú ẹ̀ ò yẹ̀.

Àtàláátà, 13

Ó ń lu irin láti ìgbà àsùbáà. Mi ò bínú sí i.

Àlàmísì, 15

Ẹ jẹ́ n ro ẹjọ́ wọn fún yín.

Lẹ́yìn ìrun alásàrí ni wọ́n máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀gbẹ́ àgọ́. Àlhájì á gba àárín. Afeez wẹ́dà, tó ń jó irin ní Oníyanrìn, á wà lọ́tùn-ún. Òun ló bá ọmọ yìí jó páìpù mọ́ra. Olúgbénga á wà lósì. Tíṣà ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, láti Òkè Bọ́lá ló ń rìn wá lójoojúmọ́ nítorí mọ́tò tí kì í ṣe tiẹ̀. Fóònù ò kúrò lójú ẹ̀, gbogbo irú mọ́tò báyìí tó wà lókè òkun ló mọ orúkọ wọn bí orúkọ ọmọ. Bàbá Fóònù ni mo sọ ọ́. Orogún mi Sẹ̀gilọlá á gbé àpótí tiẹ̀ wá. Èmi á wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń ṣa ìrẹsì, mi ò sì ṣa nǹkan kan.

Àlhájì ló kọ́kọ́ yìnbọn. Ó ní mọ́tò tí kò bá wúwo, afẹ́fẹ́ ló ni ín. Ó tún sọ ti lọ́rì ẹ̀ tó dojú dé lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sórí. "Irin ló gbà mí. Bọ́ḿpà yẹn, ó tó ìbú ilẹ̀kùn. Irin ló gbà mí!"

Olúgbénga ní, "Ẹ má bínú sà, irin yẹn náà ni kò jẹ́ kí bíréèkì yín ó mú."

A rẹ́rìn-ín kú. Afeez bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Ni Bàbá Fóònù bá ń ṣàlàyé. Ó ní lókè òkun, àwọn kan wà tó jẹ́ pé irú èyí nìkan ni wọ́n fẹ́ràn. Mọ́tò olówó gọbọi á wá sórí pápá, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ á tó ti lọ́rì, egungun páìpù tó ní ẹ́ńjìnnì máṣíìnì á sì já a sílẹ̀ nígbàkígbà tí ọ̀nà bá ti kọ́lọkọ̀lọ. "Kò rẹrù ni, màmá. Ẹni tí kò rẹrù, ó lè sáré, ó lè yà, ó lè dúró."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Adìẹ tó sanra jù lajá kọ́kọ́ ń mú.

Afeez ní ti òun, ìró ẹ̀ lòun fẹ́ràn. Ó ní ẹ́ńjìnnì mọ́tò ń kùn, ẹ́ńjìnnì máṣíìnì ń ké, bó bá dé òkè irun orí èèyàn á dìde. Jíà ẹ̀ náà, ẹ fa igi lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé, kì í ṣe pé à ń wá a kiri bí ẹní ń ro ọkà. "Àléébù kan ló ní. Ẹ́ńjìnnì máṣíìnì ò ní rìfáàsì."

Àlhájì dìde dúró. "Kò ní kí ni?"

"Kì í padà sẹ́yìn, bàbá."

"Bó bá wá kọjú sógiri ńkọ́?"

Ohùn Mutmainnah jáde lábẹ́ mọ́tò, ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan là ń rí: "A máa gbé e yí ni, bàbá."

"Ẹ máa gbé mọ́tò! Bí àkéte!"

Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní adìẹ náà kì í fẹ̀yìn rìn. Mo ní mo tà wọ́n ju ogójì ọdún lọ, gbogbo wọn ló ń délé.

Sẹ̀gilọlá ní, "Ìyálé mi, àwọn tí ẹ̀yin tà, inú ìkòkò ni wọ́n délé sí."

Kó máa ṣe é lọ. Mo dìde, mo fi ọwọ́ méjèèjì di irin iwájú Ẹlẹ́ńgà mú, mo gbé e. Èmi. Eékún mi tí kì í gbọ́ràn. Imú ẹ̀ gbéra nílẹ̀! Mo gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ó tán. Mo fẹ́ràn nǹkan burúkú yẹn.

Sọ́ńdè, 18

Ààrọ̀ yìí, kí ọkọ̀ tó kún títì, wọ́n gbé e lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó. Mo ní kí wọ́n bá mi wá ọ̀kadà, mo tẹ̀ lé wọn. Ẹ má bi mí nípa eékún.

Mutmainnah dé akoto lórí híjáàbù, ó wọ inú mọ́tò bí ẹni wọ bàtà. Irin kan wà lókè orí ẹ̀, tó tẹ̀ bí òṣùmàrè. Afeez ní ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù: bí ó bá dojú dé, irin yẹn ló máa fẹ̀yìn gbá ilẹ̀, kì í ṣe orí ọmọ. Mo fọwọ́ kàn án. Mo ní, "Ìwọ, o káre."

Ó tẹ iná. Hẹ̀ẹ́ẹ̀! Àwọn ẹyẹlé orí gbọ̀ngàn Màpó fò lọ. Ó ké, ó ké, ó lọ — ó ti dé òkè kí eruku ẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó yí po lókè, ó padà sọ̀kalẹ̀, ó dúró ní iwájú mi gẹ́lẹ́, bí ewúrẹ́ tó mọ ẹni tó ni í. Àwọn èèyàn ti ń sáré bọ̀ láti Bẹẹrẹ. Ìyá kan ní ta ló bí i. Mo ní èmi ni. Ó ní àgbà bíi tèmi? Mo ní ẹ kan máa wò.

Àlhájì sún mọ́ ọn. Ó rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìka kan táyà.

Àtàláátà, 20

Ohun tí mo bẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n ti fẹ́ràn ẹ̀.

Ní agbo ilé tiwa, nǹkan tuntun kì í jáde kí àwọn àgbà má fi nǹkan sí i. Ilé tí a bá kọ́, àgbà kọ̀ọ̀kan á gbé páànù kan lé e. Ọmọ tó bá ń lọ ọ̀nà jíjìn, àgbà kọ̀ọ̀kan á ki nǹkan bọ̀ ọ́ lápò, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́. Ẹni tí wọ́n fún ò gbọdọ̀ kọ̀. Kò gbọdọ̀ dá a padà. Bó bá dá a padà, ó ti ní kí àgbà yẹn máa lọ, òun ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀yẹ́ mọ́tò náà, kò sẹ́ni tó fún un ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n rí i ní Màpó, wọ́n dìde.

Àlhájì ló ṣíwájú. Ó gbé ègé bọ́ḿpà lọ́rì ẹ̀ jáde, èyí tó gbà á lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti fi ìwé ìròyìn wé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ yìí. Ó ti nù ún, ó ń dán. Ó ní, "Mutmainnah, fi eléyìí síwájú ẹ̀. Ó gbà mí. Á gbà ọ́." Ohùn ẹ̀ yí padà. Báwo lọmọ ṣe fẹ́ sọ pé rárá?

"Ẹ ṣé, bàbá. Àwọn ọmọ á tọ́jú yín."

Bàbá Fóònù di orí mú.

Àlàrùbá, 21

Sẹ̀gilọlá gbé tìmùtìmù wá. Òwú àràbà ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Ó ní ìdí ọmọ obìnrin ò gbọdọ̀ kan irin.

Àlhájì tún padà wá, fèrè lọ́rì lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú garawa afẹ́fẹ́ ẹ̀. Ó ní kí wọ́n lè máa yà fún un.

"Lórí pápá, sà?" Olúgbénga ló bi í.

"Níbi gbogbo."

Jímọ̀, 23

Èmi náà fi tèmi sí i.

Ẹ má wò mí báyẹn. Kárìà Bàbá Muslimat ni. Irin ló ń jó nígbà ayé ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ọdún tí mo lóyún Muslimat, ó ra máṣíìnì, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ jó kárìà sẹ́yìn ẹ̀, kí n lè jókòó, kí àgò adìẹ mi wà lẹ́yìn mi. Irin tó nípọn bí ọrùn ọwọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń fi í ṣẹ̀sín, wọ́n ní ṣé erin ló fẹ́ gbé ni? Ó ní, "Ẹni tí mo bá gbé ò gbọdọ̀ mì." Ọdún mọ́kànlá ló fi gbé mi lọ sí Ọjà'ba láàárọ̀. Mi ò mì rí.

Wọ́n ti ta máṣíìnì yẹn tipẹ́. Kárìà ni mo ní kí wọ́n tú sílẹ̀ fún mi.

Mo ní kí Afeez dè é mọ́ abẹ́ ìjókòó Mutmainnah. Ọmọ náà fọwọ́ ra á, ojú ẹ̀ kún. "Ti bàbá àgbà."

Inú mi dùn títí mo fi wọlé. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohun tí ọwọ́ mi ń sọ. Ọwọ́ mi yìí, ẹ gbé adìẹ lé e, ó ti mọ ìwọ̀n ẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Àkùkọ ńlá mẹ́fà ni kárìà yẹn. Ti Àlhájì, bọ́ḿpà ò ju mẹ́ta lọ, fèrè tó méjì. Tìmùtìmù, méjì. Tèmi ló wúwo jù.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Sọ́ńdè, 25

Wọ́n tún gbé e lọ sí Màpó. Kò tíì dé ìdajì òkè tí òórùn jíjóná fi gba gbogbo àdúgbò. Èéfín funfun ń jáde. Ó dúró. Wọ́n tì í délé.

Wọ́n tì í.

Àlhájì ní ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ àwọn, pé Sátidé lòun ń wò. Ṣùgbọ́n ó wo àgọ́ bí ẹni tó ti ń wá ibi tó máa kan èèkàn àgbò sí.

Afeez tú u, ó ní àwọn awo tó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì ti jó dúdú. Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì máṣíìnì mọ èèyàn kan gbé, méjì ni ó pọ̀ jù. A ti gbé ilé lé e." Ó wò mí díẹ̀. Ó yáa wo ibòmíràn.

Mọ́ńdè, 26

Wọ́n gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra irin àlòkù. Àwọn olórí pápá ti sọ pé mọ́tò tí kò bá sí èèyàn nínú ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 280 kílò lọ. Bó bá jù ú, kò ní wọlé. Olúgbénga kọ iye tó jẹ́ sórí ògiri àgọ́ pẹ̀lú ẹfun: 293.

Mutmainnah wò ó títí. Kò jẹun alẹ́.

Àtàláátà, 27

Ojú mi kì í ṣe ojú lásán. Mo wọ àgọ́ láti gbé omi fún un, mo rí i pé nǹkan kan ò sí níbi tó yẹ kó wà. Bọ́ḿpà wà. Fèrè wà. Tìmùtìmù wà. Kárìà wà lábẹ́ ẹ̀, ó dúró ṣinṣin.

Irin tó tẹ̀ bí òṣùmàrè, èyí tó wà lókè orí, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ti tú u.

Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́ mi, kí ni èyí ń ṣe níbí?"

Ó ní, "Kílò mẹ́rìnlá ni, Ìyá àgbà. Ó ti di 279 báyìí."

"Orí ẹ ńkọ́?"

"Akoto nìkan ni wọ́n sọ pé ó jẹ́ dandan."

"Mo ní orí ẹ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Mi ò ní jẹ́ kó dojú dé." Ó wá rọ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Kí ni kí n yọ, Ìyá àgbà? Ti bàbá ni kí n dá padà, àbí ti Màmá Sẹ̀gilọlá? Àbí ti bàbá àgbà?"

Mo gbé omi kalẹ̀. Mo jáde.

Àlàrùbá, 28

293. Kárìà, àkùkọ mẹ́fà, kílò mẹ́tàlá. Mo ní kí Olúgbénga bá mi yọ ọ́, mo díbọ́n pé ìrẹsì ni mò ń ṣírò. 280 gééré. Tèmi nìkan. Irin tèmi nìkan ló lé irin orí ọmọ mi jáde.

Ẹni tí mo bá gbé ò gbọdọ̀ mì. Bàbá Muslimat, ṣé ẹ ń gbọ́?

Àlàmísì, 29

Ẹ fún mi láyè, mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí.

Lẹ́yìn alásàrí, gbogbo wọn pé sórí bẹ́ǹṣì. Mo wọ àgọ́. Mo ní, "Afeez, bá mi mú sípánà wá."

Ó ní, "Ti kí ni, màmá?"

"Ti kárìà."

Mutmainnah sáré bọ́ síwájú mi. "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò dá a padà! Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o!"

Àlhájì ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀yin náà mọ̀. Nínú ilé yìí, a kì í dá nǹkan àgbà padà."

Mo ti sùn lé ọ̀rọ̀ yẹn lórí. Mo ní, "Ọkọ mi, òótọ́ lẹ sọ. Kò dá a padà. Kò tó bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ yá a."

"Ẹ fẹ́ kí ni?"

"Mo fẹ́ yá kárìà lọ́wọ́ ẹ̀. Tiẹ̀ ni. Mo nílò ẹ̀ títí di ọjọ́ Sátidé. Ṣé àgbà ò lè yá nǹkan lọ́wọ́ ọmọ mọ́ ni? Yíyá kì í ṣe dídá padà."

Mo yíjú sí ọmọ náà. "Mutmainnah, ṣé o máa yá mi?"

Ó ti ń sunkún. Ó kúnlẹ̀ sínú epo. "Mo yá yín, Ìyá àgbà."

Afeez tú nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fẹ́ bá mi gbé e, mo ní kó fi sílẹ̀. Mo gbé e fúnra mi. Àkùkọ mẹ́fà. Mo gbé e kọjá níwájú bẹ́ǹṣì, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè rí bí ẹ̀yìn mi ṣe tẹ̀. Ẹ̀tàn díẹ̀ wà nínú ẹ̀, mi ò parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó wúwo lóòótọ́.

Mo kọjá lára irin orí tó fẹ̀yìn ti ògiri. Mo dúró níbẹ̀. Mo kàn dúró títí Àlhájì fi wo ibi tí mò ń wò.

Ó ní, "Ta ló yọ irin yẹn?"

Ó ti rí ìdáhùn. Awakọ̀ ni, ó mọ ohun tí irin ń ṣe lókè orí èèyàn.

Sẹ̀gilọlá ló kọ́kọ́ dìde. "Mutmainnah, ìdí ń dùn mí lórí àpótí yìí. Yá mi ní tìmùtìmù yẹn."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ti Àlhájì ló pẹ́. Ó rìn lọ síbi bọ́ḿpà ẹ̀, ó fi etí aṣọ nu eruku tí kò sí lára ẹ̀. Ó ní, "Èmi náà fẹ́ yá eléyìí. Kí n fi han àwọn ọmọ mi bí wọ́n bá wá fún Iléyá." Lẹ́yìn náà, bí ẹni ń bú ìyàwó: "Kí wọ́n kó fèrè náà. Kí wọ́n dá irin orí ọmọ padà síbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀! Afeez, kí lò ń wò?"

265 kílò. Olúgbénga kọ ọ́ sórí ògiri, ó fa ìlà mẹ́ta sábẹ́ ẹ̀. Ó jó. Tíṣà gidi, ó jó.

Jímọ̀, 30

Àwọn àgbò dé. Mẹ́ta. Àlhájì so wọ́n mọ́ ìdí ògiri, ó fi tapólì ṣe ìbòòji fún wọn. Mo ní ṣé wọn ò wọ àgọ́ ni? Ó ní ta ló bi mí.

Afeez ti pààrọ̀ àwọn awo tó jó.

Sátidé, 31

Eékún ò gbà mí láyè láti lọ. Wọ́n ti gbé Ẹlẹ́ńgà lọ láti ìdájí, sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Mo so gèlè bí ẹni tó ń lọ. Àlhájì náà ò lọ, ó ní òun ń ṣọ́ àgbò. Àgbò tó so mọ́lẹ̀.

Olúgbénga pè ní àsìkò àìlà. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n ti gbà á wọlé. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ kan tó gbé mọ́tò tó ń dán wá rí i, wọ́n ní ṣé wọn ò tíì parí ẹ̀ ni. Ó ní kí n dúró kí n gbọ́. Mo gbọ́. Ó ń ké.

Ó tún pè. Ohùn ẹ̀ ti yí.

Ó ní ìyípo kẹfà, òjò ti rọ̀ síbẹ̀ lánàá, koríko tutù. Ọmọ náà yà, ìdí mọ́tò yọ̀, ó pòyì, ó jáde kúrò lórí ọ̀dà, ó kọjú sí gbòǹgbò igi. Ẹ́ńjìnnì ò kú. Nǹkan kan ò ṣe é, kò dojú dé. Ṣùgbọ́n kò lè lọ síwájú, kò sì ní rìfáàsì. Ni àwọn èèyàn mẹ́rin bá sáré wọ pápá, àwọn ọ̀dọ́ onímọ́tò dídán yẹn pẹ̀lú, wọ́n gbé e nílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ nínú ẹ̀, wọ́n yí i padà, wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí ọ̀dà. Ó lọ. Ó parí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Kẹta ló ṣe nínú àwọn mọ́kànlá.

Mo ní, "Olúgbénga, ṣé wọ́n tì í?"

Ó ní, "Màmá, ọwọ́ èèyàn kàn án. Ẹ bá wa bá Àlhájì sọ ọ́."

Mi ò mọ bí mo ṣe sọ ọ́ fún un. Mo kàn mọ̀ pé mi ò fi nǹkan kan pamọ́, mo sọ igi, mo sọ koríko, mo sọ èèyàn mẹ́rin. Ó gbọ́ ọ tán. Ó kọjú sí àwọn àgbò, ó ń já koríko fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà yẹn, kò tíì yíjú padà.

Mo wá bá yín nìyẹn. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kárìà wà lẹ́sẹ̀ mi. Alásàrí ti kọjá. Bí ó bá sọ pé wọ́n tì í, mi ò lè jiyàn, èmi ìyàwó ilé. Òjé ò burú. Aṣọ ò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kọ́ mi ní A, B, D, tí ọwọ́ ẹ̀ máa ń rùn epo lórí ìwé mi, ẹ sọ fún mi, báwo lọwọ́ yẹn ṣe fẹ́ ká aṣọ? Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ, mo fẹ́ sọ pé ọkọ mi, ẹ̀yin náà ẹ rántí ọjọ́ tí lọ́rì yín —

Àlhájì ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ìyàwó wa, gbígbé kì í ṣe títì."

Mo ní kí ló wí.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Bí yíyá kì í bá ṣe dídá padà, gbígbé náà kì í ṣe títì. Ẹ pa ìwé yẹn dé. Ọmọ ti dé Bẹẹrẹ, kò jẹ́ kí wọ́n gbé mọ́tò sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù mọ́, òun ló ń wà á bọ̀, ẹ ò gbọ́ ìró ẹ̀ ni? Ó pè mí, ó ní ẹ kú àyálò, kí ẹ gbé kárìà òun jáde kí wọ́n dè é mọ́ ọn padà, ìyàwó bàbá àgbà kan wà tí òun fẹ́ gbé yí Màpó ká —"

Mò ń gbọ́ ọ. Ó ń ké. Ẹ jọ̀ọ́, gèlè mi